Ṣé wáìnì yìí ló bàjẹ́ ni, àbí ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lyon ni mò ń gbé. Láìpẹ́ yìí, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sílé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Villié-Morgon, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn wáìnì tí wọ́n ń pè ní vin nature, ìyẹn wáìnì àdánidá, wò. Ìgò mẹ́rin la ṣí. Àkọ́kọ́ pupa, ó dùn gan-an. Èkejì funfun, Jura ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé ló ti wá, ó ń run bí awùsá, ó sì fẹ́ jọ ọtí kíkan. Ẹ̀kẹta dàrú bí omi ògì, ó ń ta mí lẹ́nu bíi mínírà, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò ní wàhálà nígbà tí mo gbé e mì, àmọ́ kò pẹ́ tí nǹkan kan fi gba ẹnu mi bí ẹni pé èkúté ti sùn síbẹ̀. Gbogbo wọn ń yìn ín, èmi náà ń mi orí. Wọ́n ní àwọn tó ṣe é kọ̀ láti tẹ̀ lé àṣà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí orúkọ ìlú lára ìgò, àfi Vin de France, síbẹ̀ yúrò 34 ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n tún ní kì í fọ́ni lórí. Ṣé wáìnì yẹn ló bàjẹ́ ni, àbí ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n? Èmi náà fẹ́ gbà wọ́n lálejò lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ se ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú ẹran díndín. Kí ni kí n rà?”

Arábìnrin wa, mo kí yín o. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ju wáìnì lọ. Ẹnu yín kọ ohun tí gbogbo ilé ń yìn, ẹ dákẹ́, ẹ sì délé tán ẹ wá ń fura sí ara yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnu yín kò ṣì yín lọ́nà. Nǹkan mẹ́rin tí kò jọra ni wọ́n gbé ka iwájú yín, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi pe gbogbo wọn. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò fẹnu kàn án, àpèjúwe yín nìkan ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Wáìnì àdánidá ni èyí tí wọ́n ṣe láìra ìwúkàrà, tí wọn kò fi imí ọjọ́ sí tàbí tó jẹ́ díẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Lójú mi, ìgò àkọ́kọ́ ni èyí tó yọrí sí rere nínú wọn. Èkejì lè jẹ́ èyí tó di àṣà mú jù lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀kẹta kò bàjẹ́, atẹ́gùn ni kò tíì rí. Ẹ̀kẹrin ló ní àrùn, gbogbo àwa tá a ń ta wáìnì ní Paris la sì mọ àrùn náà dunjú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pé wọ́n kọ àṣà sílẹ̀. Àṣà wo? Ìlànà orúkọ ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní AOC, èyí tó ń sọ wáìnì tó lè jẹ́ orúkọ ìlú kan, kò pẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ọdún 1935 ni wọ́n dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìlú àkọ́kọ́ gba orúkọ, Arbois ní Jura sì wà lára wọn. Oògùn apakoríko àti ìwúkàrà inú páálí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míkà, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n gbilẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá kọ irú nǹkan báwọ̀nyí lónìí, ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ló kọ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Imí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sun ún nínú àgbá onígi kí ọtí má baà bàjẹ́, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ayé òde òní ló gbé e dé, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Beaujolais, àgbègbè tí Villié-Morgon tí wọ́n mú yín lọ wà, gan-an ni ọ̀rọ̀ wáìnì àdánidá ti bẹ̀rẹ̀. Ní La Chapelle-de-Guinchay, tí kò jìnnà sí Villié-Morgon, ọkùnrin kan gbé ayé tó ń jẹ́ Jules Chauvet. Wọ́n bí i ní 1907, ó kú ní 1989. Ó ń ra wáìnì, ó ń tà á, àmọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tún ni, ó sì ń fi maikirosíkóòpù wo ìwúkàrà. Ó rí i pé èso àjàrà tó mọ́, tí kò sí oògùn tó ti pa ohun alààyè ara èèpo rẹ̀, lè hó di wáìnì tó dára láìfi imí ọjọ́ sí i, bí ẹni tó ń ṣe é bá lè ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Marcel Lapierre, ọmọ Villié-Morgon tó ti gba ọgbà ìdílé rẹ̀ láti 1973, pàdé rẹ̀ ní 1981, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí Chauvet ṣe wí. Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet bọ́ sọ́nà kan náà. Ní Jura, Pierre Overnoy ti Pupillin náà ń bá tirẹ̀ lọ láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Lapierre kú ní 2010, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Bí ìgò pupa àkọ́kọ́ yín bá wá láti àdúgbò yẹn, ìran yìí ló ti wá, kò sì yà mí lẹ́nu pé ó dùn mọ́ yín.

Kí wá ni imí ọjọ́ ń ṣe nínú wáìnì? Ó ń dá àwọn kòkòrò àìfojúrí lẹ́kun, ó sì ń gba ọtí sílẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹmu mọ bí ọtí ṣe ń rí láìsí i. Adẹ́mu kì í ra ìwúkàrà. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára ọ̀pẹ àti nínú akèǹgbè àná ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní òwúrọ̀ ẹmu dùn, ó ń hó. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Kò sẹ́ni tó máa bú adẹ́mu sí i, torí ọjọ́ tí wọ́n dá ẹmu la ń mu ún. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí dáwọ́ lé ni pé kí ọtí tó hó bí ẹmu ṣe ń hó, láti ọwọ́ ìwúkàrà tí ẹnikẹ́ni kò rà, wà nínú ìgò fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kó má sì kan. Gbogbo adùn tí ẹ gbọ́ níbi ìgò àkọ́kọ́ àti gbogbo ìyà tí ẹ jẹ níbi ìkẹrin, ibẹ̀ ló ti wá.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gba sọ́lfáìtì, ìyẹn imí ọjọ́ tó wà nínú ọtí, tó tó mílígíráàmù 150 nínú lítà kan wáìnì pupa tí kò ní ṣúgà, àti 200 nínú funfun. Fún àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí bio, ìyẹn ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í lo oògùn oníkẹ́míkà, 100 ni fún pupa, 150 fún funfun. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í fi nǹkan kan sí i, tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò. Ìwúkàrà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ìwọ̀nba sọ́lfáìtì, tó bá sì ti ju mílígíráàmù 10 lọ, dandan ni kí wọ́n kọ “Contient des sulfites”, pé sọ́lfáìtì wà nínú rẹ̀, sára ìgò. Torí náà, ẹ má pe àgbẹ̀ ní òpùrọ́ tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lára ìgò tó ní òun kò fi nǹkan kan sí.

Àwọn kan rò pé ẹni tó ń ṣe wáìnì àdánidá kàn ń fọwọ́ lẹ́rán ni, kí Ọlọ́run máa bá a ṣe é. Ẹni tó bá ti wọ ilé iṣẹ́ wọn nígbà ìkórè kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní Beaujolais, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já Gamay, èso àjàrà pupa tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, sínú àpótí pẹlẹbẹ tí èso kò ní fọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á ṣa èyí tó jẹrà kúrò, wọ́n á jẹ́ kí ìyókù tutù dáadáa kó tó wọnú àgbá, kí àwọn kòkòrò má baà tètè jí. Odidi ṣírí ni wọ́n ń kó sínú àgbá, wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á fọ́ nítorí ẹrù tó wà lórí wọn, oje wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, gáàsì tó ń jáde látinú rẹ̀ á sì kún àgbá, á lé afẹ́fẹ́ jáde. Nínú gáàsì yẹn, àwọn èso tó wà lókè, tí èèpo wọn kò tíì là, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí nínú èèpo ara wọn. Ibẹ̀ ni òórùn èso pupa àti ti òdòdó yẹn ti ń wá, ìdí sì nìyẹn tí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kì í fi í fún ẹnu pọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tó mọṣẹ́ á máa fa díẹ̀ jáde, á máa wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, á sì máa fọ ilẹ̀ àti páìpù lójoojúmọ́. Ẹni tí kò ní imí ọjọ́ lọ́wọ́ ní láti mọ́ ju ẹni tó ní in lọ. Ibi tí mo ti ń mọ àgbẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe yàtọ̀ sí ẹlẹ́nu dídùn nìyẹn: mo máa ń wo ilẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí n tó wo ife.

Ó kan ìgò Jura. Èso àjàrà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Savagnin. Tí wọ́n bá ti rọ ọtí rẹ̀ sínú àgbá onígi, díẹ̀díẹ̀ ni ọtí náà máa ń gbẹ sínú igi, nílé ẹni tó ń ṣe vin jaune, wáìnì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn kì í sì í fi òmíràn kún un. Ìwúkàrà á wá ta awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ọtí, abẹ́ awọ yẹn ló sì máa wà. Ìlànà ní kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àgbá kí ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta tó pé, inú ìgò kúkúrú oníṣẹ̀ǹtílítà 62 ni wọ́n sì ń rọ ọ́ sí. Òórùn awùsá, ti kọrí, ti èso gbígbẹ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ vin nature. Ní Jura, ẹni tó ń fi ọtí kún àgbá rẹ̀ kí funfun lè máa run èso tútù gan-an ni wọ́n ń wò bí ẹni tó gbé àṣà tuntun dé. Ẹ wá rí i pé awùsá tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ ọ̀tẹ̀, ọ̀nà àwọn bàbá ni. Àmọ́ ẹ tún ní ó fẹ́ jọ ọtí kíkan. Kíkan tó ń mú itọ́ sun lẹ́nu, èyí tí ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe, kò burú. Èyí tó bá gún yín nímú kó tó dé ẹnu, tó ń run bí oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, tó sì ń jó ọ̀nà ọ̀fun, ọtí yẹn ti ń lọ sọ́nà kíkan nìyẹn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gbé òórùn wáìnì sókè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì bà á jẹ́.

Ti ìgò kẹta kò le. Ó dàrú nítorí pé wọn kò sẹ́ ẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà ló wà nínú rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan fún ikùn. Ó ń ta nítorí pé àgbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ lára gáàsì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa lé afẹ́fẹ́ fún un, níwọ̀n bí kò ti sí imí ọjọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Òórùn ẹyin ń wá nígbà tí ìwúkàrà kò bá rí oúnjẹ tó nínú oje, tí wọ́n sì pa ọtí mọ́ kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́ pátápátá. Ẹ da ife kan sápá kan, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu ìgò, ẹ mì í, ẹ rọra ṣí i kí gáàsì jáde, ẹ tún un ṣe. Tàbí kẹ́ ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òórùn yẹn á lọ, tí èso á sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ òórùn àlùbọ́sà tàbí rọ́bà tó jóná ló kù, kò ní lọ mọ́, ẹ má da ara yín láàmú.

Ìgò kẹrin ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwa tá a wà nínú iṣẹ́ yìí. Goût de souris ni àwọn Faransé ń pè é, adùn èkúté. Ẹ wo ohun tí ẹ fúnra yín kọ: ẹ gbé e mì, kò sí wàhálà, lẹ́yìn náà ló tó dé. Bó ṣe ń jà nìyẹn. Nínú ohun tó kan bíi wáìnì, èròjà tó ń fa òórùn yìí kì í lè gbéra, imú tẹ́ ẹ kì bọ ife kò lè bá a. Itọ́ ẹnu wa kò kan tó bẹ́ẹ̀. Tí wáìnì bá ti pò mọ́ itọ́, tí kíkan rẹ̀ rọ̀, èròjà náà á wá fò sókè, á gba ẹ̀yìn ọ̀fun bọ́ sínú imú. Gúgúrú tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun tí èkúté ti wọ̀, ẹ̀mí ẹnu ajá, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pè é, ó sì lè má kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀. Itọ́ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn lè mu odidi ìgò láìgbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má rò pé àwọn ọ̀rẹ́ yín ń tàn yín jẹ. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú wọn má gbọ́ ọ rárá, kí àwọn yòókù sì ti gbọ́ ọ, kí wọ́n máa mi orí bíi tiyín.

Tí ẹ bá fura, ẹ kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ fi ìka rà á títí tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbóòórùn rẹ̀. Awọ ara náà ń rọ kíkan rẹ̀, èkúté á sì yọjú síta. Àwọn àgbẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí àgbá wọn láìwí nǹkan kan, ojú wọn nìkan lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ohun tó ń fà á ni àwọn bakitéríà kan, àti ìwúkàrà ẹhànnà tó ń jẹ́ Brettanomyces, tí ìkejì yìí tún lè mú wáìnì pupa run bí ibùso ẹṣin. Afẹ́fẹ́ ń ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èso tí kò kan tó. Nígbà tí ooru bá pọ̀, èso àjàrà máa ń pọ́n pẹ̀lú kíkan tó kéré, ilẹ̀ Faransé sì ti rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ léraléra láìpẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí wàhálà yìí kò fi dínkù. Kò léwu fún ara. Nígbà mìíràn, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú ìgò. Nígbà mìíràn kò ní lọ. Ìwọ̀nba imí ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò ì bá dènà rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ àgbẹ̀ tó ti gbé wáìnì jókòó sínú yàrá ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí kò jẹ́ kó jáde títí èkúté fi kúrò, owó rẹ̀ sì há síbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tà á ní yúrò 30, tó ní bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbájúẹ̀ ni mo kà á sí, bó ti wù kó fẹ́ràn fífi ẹṣin ro oko tó.

Ọ̀rọ̀ Vin de France ńkọ́? Kí 2009 tó dé, ẹni tí kò sí lábẹ́ orúkọ ìlú tàbí ti àgbègbè kankan, vin de table ni wáìnì rẹ̀ ń jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọdún ìkórè tàbí irú èso tó lò sára ìgò. Vin de France ló rọ́pò rẹ̀, ó sì fàyè gba méjèèjì. Láti gba orúkọ ìlú, wáìnì lè ní láti gba iwájú àwọn atọ́wáìnìwò kọjá, àwọn tó máa sọ bóyá ó jọ ti àdúgbò. Èyí tó dàrú, tàbí tí òórùn rẹ̀ ṣàjèjì, wọ́n lè dá a padà. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn ti sú lọ. Olivier Cousin ní Anjou fi ìlànà náà sílẹ̀, àmọ́ ó ń kọ Anjou sára páálí rẹ̀ torí pé ibẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí ìjìyà kékeré ní 2014. Wọ́n gba orúkọ Pouilly-Fumé lọ́wọ́ Alexandre Bain ní 2015, ó pe ẹjọ́, ó sì rí i gbà padà ní 2017. Ti Sébastien David ní Saint-Nicolas-de-Bourgueil ló dùn mí jù. Ní 2019 ìjọba ní kó da ìgò tó lé ní 2,000 nù, láti inú wáìnì 2016 rẹ̀ tó ń jẹ́ Coëf, pé kíkan bí ọtí kíkan tó wà nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Ó mú èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ wá tó ní kò kọjá, síbẹ̀ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òfin yẹn fúnra rẹ̀ kò burú, ó ń dáàbò bo èmi àti ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò méjì bá takora lórí nǹkan tíńtín, dída iṣẹ́ ọdún kan nù ti le jù lójú tèmi.

Nítorí náà, Vin de France kò sọ pé wáìnì dára, kò sì sọ pé kò dára. Èyí tí wọ́n ń tà ní yúrò mẹ́rin ní súpámákẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti yúrò 34 yín. Orúkọ àgbẹ̀ lẹ máa wò. Owó gọbọi náà ní ìdí tó dáa: ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, ọkọ́ tàbí ẹṣin ni wọ́n fi ń ro koríko tí ẹlòmíràn ń fi oògùn pa, èso tí wọ́n ń kó kò pọ̀, ọdún tí nǹkan bá sì dàrú, gbogbo àgbá ló máa ṣòfò. Ìdí tí kò dáa náà wà níbẹ̀: ó ti di fáàrí ní Paris, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York àti ní Tokyo, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá tí kò tó máa ń wọ́n.

Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ló lè pe tirẹ̀ ní vin nature. Ní 2020 ni ìjọba Faransé fọwọ́ sí àmì kan tó ń jẹ́ Vin Méthode Nature. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí bio, kó fi ọwọ́ já èso, kó lo ìwúkàrà ara èso nìkan, kó má sì fi èròjà kankan sí i, àyàfi sọ́lfáìtì díẹ̀. Àmì méjì ló wà, ọ̀kan fún ẹni tí kò fi sọ́lfáìtì sí i rárá, èkejì fún ẹni tó fi díẹ̀ sí i tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ju mílígíráàmù 30 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà kò lo àmì yìí rárá, wọ́n ní àwọn kò sá fún ìwé kan kí àwọn tún lọ gba òmíràn. Fún wáìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2023, òfin Yúróòpù ti ní kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí kò bá sí lára ìgò, ẹ fi fóònù yín ya àmì onígun mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí i.

Ní ti pé kì í fọ́ni lórí, ẹ má gbà á gbọ́. Ọtí fúnra rẹ̀, iye tẹ́ ẹ mu, omi tẹ́ ẹ kò mu, àwọn ló kọ́kọ́ ń fọ́ orí. Sọ́lfáìtì pọ̀ nínú èso gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ju bó ṣe pọ̀ nínú wáìnì lọ, a kì í sì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ké pé orí ń fọ́ òun lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Àwọn tó ní ikọ́ fée ló yẹ kó ṣọ́ra fún un gan-an. Wáìnì tí bakitéríà ti ṣeré nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó dá wọn lẹ́kun lè ní ìsitamíìnì púpọ̀, ìyẹn sì ń da ara àwọn mìíràn láàmú. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis mú àbá wá pé èròjà kan tó ń jẹ́ quercetin, tó máa ń pọ̀ lára èso pupa tí oòrùn pa dáadáa, lè máa dí ara lọ́wọ́ láti palẹ̀ ọtí mọ́. Àbá ni, kò tíì di ìdájọ́. Èmi ò kì í ṣe dókítà. Tí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn ife kan péré, ẹ lọ rí ẹni tó kàn.

Tí wọ́n bá tún pè yín lọ sí irú ibẹ̀, ẹ tu ú dànù. Mo mọ̀ pé wọn kò tọ́ wa bẹ́ẹ̀, kéèyàn gba ohun mímu lọ́wọ́ onílé kó sì tu ú sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́ wáìnì wò, bákẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ fún un, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ tu. Ẹ gbé díẹ̀ sẹ́nu, ẹ fà afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé e lórí, ẹ tu ú, ẹ wá dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, torí nínú ìdúró yẹn ni èkúté ti máa ń jáde. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ rọra béèrè pé “Il n'est pas un peu souris ?”, ìyẹn, ṣé kò ní adùn èkúté díẹ̀? Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹlòmíràn lórí tábìlì á mí kanlẹ̀ pé ẹnìkan ti sọ ọ́. Ẹ tún lè béèrè ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò àti bóyá wọ́n fi imí ọjọ́ sí i. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, kódà ó máa ń pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ó ku àlejò yín. Pẹ̀lú ata, ẹ sá fún pupa tó le, tó ń fún ẹnu pọ̀, tí ọtí inú rẹ̀ pọ̀. Ńṣe ló máa dáná sí ata. Ẹ ra Gamay láti Beaujolais, Morgon tàbí Fleurie, lọ́wọ́ ẹni tí ẹni tó ń tà á lè sọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe ṣe é. Nílé Lapierre, wọ́n máa ń rọ Morgon kan náà lọ́nà méjì, èyí tí kò ní imí ọjọ́ àti èyí tó ní díẹ̀. Tí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ rà wọ́n, kẹ́ ẹ gbé wọn síwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín láìsọ èwo ni èwo. Ìgò tí kò ní imí ọjọ́ kì í fẹ́ ooru, àwọn àgbẹ̀ mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìgò pé kó má kọjá 14°C. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò, ẹ má sì rò ó pé ẹ ó dì í sínú báàgì lọ fún ẹ̀gbọ́n yín l'Ékòó, àyàfi tí ẹnìkan bá máa gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Ní ọjọ́ àlejò, ẹ gbé pupa náà sínú fíríìjì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ, torí tó bá tutù díẹ̀, ó ń bá jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò lọ dáadáa. Tọ́wọ́ yín bá bá èkúté nínú ìgò tẹ́ ẹ fowó rà, ẹ dé e padà, ẹ má dà á nù, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún yín pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀ àti rìsíìtì. Ẹni tó bá mọ iyì ọjà rẹ̀ á tọ́ ọ wò lójú yín, á sì fún yín ní òmíràn.